Ohun Tí Olùkọ́ Ní Láti Gbọ́ Nínú Àwo: Orin Kérésìmesì ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì King's, Cambridge

Ìfáàrà
Inú àwo ni ọ̀pọ̀ akọrin ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Kérésìmesì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe inú ilé ìjọsìn. Ohun tí etí bá sì kọ́kọ́ gbọ́ ni ó sábà máa ń kà sí ojúlówó. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwo kì í ṣe dígí lásán tí ń fi orin hàn bí ó ti rí. Ibi tí a ti gba orin sílẹ̀, àwọn tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí ó darí wọn ni ó ń fún un ní ìrísí. Ẹgbẹ́ akọrin Kọ́lẹ́ẹ̀jì King's ní Cambridge ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Bí ìsìn náà ṣe bẹ̀rẹ̀
Ìsìn Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án àti Orin Kérésìmesì kò bẹ̀rẹ̀ ní Cambridge. Ìlú Truro ni Bíṣọ́ọ̀bù Edward White Benson ti lo irú ètò yìí ní ọdún 1880, nínú ilé onípákó tí ìjọ ń lò nígbà tí wọ́n ń kọ́ kàtídírà lọ́wọ́. Eric Milner-White, ẹni tí ó ti ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ó gbé e dé King's ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 1918. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí ìbọn dákẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sójú ogun, Milner-White sì rí i pé àkókò náà ń fẹ́ ìjọsìn tí yóò fa ọkàn ènìyàn mọ́ra. Láti ọdún 1919 ni 'Once in Royal David's City' ti ń ṣíwájú ìsìn náà. Ọmọdékùnrin kan ni ó ń dá ẹsẹ kìíní rẹ̀ kọ, láìsí dùùrù.

Rédíò àti àwo
Ní ọdún 1928, BBC gbé ìsìn náà sórí rédíò fún ìgbà àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí ọdún 1930, ọdọọdún ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1958, lábẹ́ ìdarí David Willcocks, ilé-iṣẹ́ Argo gba orin àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo. Willcocks yìí kan náà àti Reginald Jacques ni ó ṣe olóòtú ìwé 'Carols for Choirs' tí ó jáde ní ọdún 1961. Bí àwo ti ń gbé ìró náà kiri, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ akọrin mìíràn lè kọ ọ́.

Ó yẹ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan níhìn-ín. Orin tí a ń gbọ́ lórí rédíò bí a ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́ kò ní àtúnkọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe àwo, a lè tún apá kan kọ títí yóò fi gún régé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi ohùn ara rẹ̀ wé ti inú àwo lè máa fi ara rẹ̀ wé ohun tí ènìyàn kò kọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn ohun tí ó para pọ̀ di ìró náà
Èkíní ni ilé. Ilé ìjọsìn King's gùn, ó ga, òkúta sì ni òrùlé inú rẹ̀ tí wọ́n parí ní ọdún 1515. Ohùn kì í tètè kú níbẹ̀. Gbohùngbohùn rẹ̀ ń so orin kan mọ́ èkejì. Èkejì ni àwọn akọrin. Àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń kọ ohùn tírébù, àwọn ọkùnrin sì ni ó ń kọ ìyókù, títí kan áltò. Yíyàn ni èyí, kì í ṣe òfin orin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì St John's, tí òun náà wà ní Cambridge, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọbìnrin sínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní ọdún 2022.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè olóhùn, nítorí náà orin lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ láìpa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dà. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ohùn orin kò bá gòkè lórí sílébù kejì, 'ìyá Jésù' lè di 'ìyà Jésù' ní etí olùgbọ́. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Kàtídírà Christ, Èkó, jíròrò lórí àjọṣe ọ̀rọ̀ àti orin nínú ìwé rẹ̀ 'Yoruba Music' tí ó jáde ní ọdún 1953.

Àgbálọgbábọ̀
A kò sọ pé kí olùkọ́ pa àwo tì. Ó wúlò fún kíkọ́ mímí, ìdúróṣinṣin ohùn àti bí akọrin ṣe ń fetí sí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni iṣẹ́ akọrin níhìn-ín, kí ni iṣẹ́ ilé, kí sì ni iṣẹ́ ẹ̀rọ? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ orin Yorùbá lẹ́nu lásán kí wọ́n tó fi ohùn orin sí i. Olùkọ́ tí kò bá ṣe èyí lè jẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ máa ṣe àfarawé gbohùngbohùn ilé òkúta, nígbà tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù.