Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Bí Ẹyin Ṣe Ń Gbó Nínú Abo Ẹja Àrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Alákétu tó wà ní Idigny, lórí ilẹ̀ òkè tí omi ti ṣọ̀wọ́n, bí ẹ bá ń gbèrò àtisin ẹja àrọ̀ nínú adágún àfọwọ́gbẹ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí abo ẹja ti ń jẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ní í di ẹyin inú rẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ oúnjẹ di èròjà pupa ẹyin, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e lọ sí ilé ẹyin. Oúnjẹ tí amúaradàgbà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 40 nínú 100 ló yẹ ẹ́. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n abo tó sanra jù kì í yé ẹyin gidi.

Láàárín ọdún kan ẹyin àrọ̀ a ti gbó, nígbà tí ẹja trout ti ilẹ̀ olótùútù a máa lo ọdún méjì sí mẹ́ta. Síbẹ̀ kì í sáábà yé e nínú adágún, torí pé àkúnya omi òjò ni àrọ̀ inú odò ń dúró dè. Abẹ́rẹ́ Ovaprim ló ń ṣe bí òjò fún un, tí a ó sì fún ẹyin náà jáde ní nǹkan bí wákàtí 10 sí 12 lẹ́yìn rẹ̀, bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Akọ ló ṣe mí láàánú: pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà.