Bí Ṣọ́ọ̀ṣì St Botolph Ṣe Di Àwókù

Nílùú Colchester, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwókù ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí kò lórùlé, tí ibojì sì wà nínú rẹ̀ àti láyìíká rẹ̀. St Botolph lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wó: àṣẹ ọba ló mú àkọ́kọ́ wá, ogun ló mú èkejì.

Ní nǹkan bí ọdún 1100 ni àwọn àlùfáà kan tẹ ibẹ̀ dó. Ìlànà Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ni wọ́n ń tẹ̀ lé: wọ́n jọ ń gbé, wọn kì í gbéyàwó, ohun ìní ẹnì kan sì jẹ́ ti gbogbo wọn.

Òkúta tó ṣeé gbẹ́ ṣọ̀wọ́n lágbègbè náà. Òkúta wẹẹrẹ líle àti bíríkì àlòkù, tó kù lára ilé tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì kọ́ síbẹ̀, ni wọ́n ṣà jọ. Bíríkì yìí ni wọ́n fi mọ òpó ràbàtà, wọ́n sì rẹ́ ẹ tó dán. Ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ṣí, ìdí nìyẹn tí bíríkì fi hàn síta lónìí.

Ọ̀nà méjì ni inú ṣọ́ọ̀ṣì náà pín sí. Apá ìlà-oòrùn, níbi pẹpẹ, jẹ́ ti àwọn àlùfáà. Apá ìwọ̀-oòrùn ni àwọn ará àdúgbò ti ń jọ́sìn. Lọ́dún 1536, nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń ti irú ilé àwọn ẹlẹ́sìn bẹ́ẹ̀ pa, tó ń gba dúkìá wọn, ó fi ibẹ̀ ta ìjòyè rẹ̀, Thomas Audley, lọ́rẹ. Wọ́n wó apá àwọn àlùfáà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ti ará àdúgbò sílẹ̀, torí ìsìn ń lọ níbẹ̀.

Nígbà tó di 1648, ogun abẹ́lé dé. Àwọn ọmọ ogun ọba há mọ́ Colchester, àwọn ọmọ ogun Ilé Aṣòfin sì dó ti ìlú náà fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹ̀yìn odi ìlú ni ṣọ́ọ̀ṣì wà, kò sóhun tó bò ó. Àgbá fọ́ ọ, òrùlé já wálẹ̀.

Wọn kò tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọ ṣì ni, torí náà wọ́n ń sin òkú sáàárín àwọn òpó náà. Ọdún 1837 ni ìjọ tó ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwókù gan-an.

English Heritage ló ń tọ́jú ibẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ń wá ògiri apá àwọn àlùfáà kò ní rí i. Èyí tó ṣì dúró níbẹ̀, ti ará àdúgbò ni.