Bí A Ti Í Ka Ìṣirò Omi àti Ti Oúnjẹ Inú Adágún

Ẹ̀yin ará Satellite Town àti Festac! Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìṣirò náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń fẹ́ ìtumọ̀.

Bí ọjà bá tú, oníṣòwò a ka owó tí ó wọlé, a yọ èyí tí ó ná, a sì wo èyí tí ó kù. Báyìí náà ni ti adágún. A ó ro omi tí odò gbé wá pọ̀ mọ́ òjò tí ó rọ̀ sórí rẹ̀. A ó yọ èyí tí ó gba ẹnu ìdídò jáde, èyí tí oòrùn fà, àti èyí tí ilẹ̀ mu. Ohun tí ó kù gbọ́dọ̀ bá bí adágún ṣe kún sí i tàbí bí ó ṣe fà mu. Bí kò bá bá a mu, kí a má yára di ẹ̀bi ru ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwa ni a wọn omi náà ní àwọ̀nì.

Oúnjẹ tí mo ń wí ni àwọn èròjà bíi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn, tí ewéko inú omi ń jẹ dàgbà. A ó sọ iye omi di púpọ̀ pẹ̀lú iye èròjà tí ó wà nínú lítà kan, a ó sì mọ ẹrù tí ó wọlé. Ká ní 100 kílò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọlé lọ́dún, tí 60 sì jáde: níbo ni 40 yòókù wà? Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sùn sí. Bí ọ́síjìn bá sì tán níbẹ̀, ẹrẹ̀ lè tú u sílẹ̀ padà. Ní ti náítírójìn, àwọn kòkòrò àìfojúrí lè sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tí yóò fò lọ. Àlàfo kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Àkókò tí a wọn omi ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní adágún Kainji, tí ìdídò rẹ̀ parí ní 1968 lórí Odò Ọya, ìkún omi méjì ni ó ń wá lọ́dún. Ti oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ń gbé ẹrẹ̀ wá láti àwọn odò bíi Sokoto; a ń pè é ní ìkún omi funfun. Èkejì, ìkún omi dúdú, ń ti òkè Guinea bọ̀; ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àbàtà Mali kí ó tó dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ẹni tí ó bá yẹ omi wò lẹ́ẹ̀kan péré, tí ó sì fi í ṣírò gbogbo ọdún, ti purọ́ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọ̀sà tí ó ti Badagry wá gba ẹ̀gbẹ́ wa kì í ṣe adágún ìdídò, ṣùgbọ́n ó ní ìṣirò tirẹ̀. Ní 1984, koríko omi olódòdó àlùkò gba apá Benin wọ inú rẹ̀, ó sì di ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja. Oúnjẹ tí gọ́tà wa ń kó lọ wà lára ohun tí ó ń bọ́ ọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a máa pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ bí ó bá jẹrà sínú omi, oúnjẹ rẹ̀ kò tí ì jáde. Bí a bá sì gé e, tí a kó o jọ sí bèbè, òjò yóò fọ oúnjẹ náà padà sínú ọ̀sà: a ti ṣe làálàá, ìṣirò kò yí padà. Ẹ jẹ́ kí a kó o jìnnà sómi, kí a sì tọ́jú gọ́tà wa.

Àwọn àgbà ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Èyí tí a bá dà sódò náà kì í ṣàn kọjá wa.