Ojú-Ìlò àti Ìtàn-Ọwọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Ògidì Ère Ìbejì Mọ̀ ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Nínú àwọn ìlú méje tí a ń pè ní Ìbàràpá, ìyẹn Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Àyétẹ̀, Tápà, Ìdèrè àti Ìgangan, kò sí èyí tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn tó ti Igbó-Ọrà. Ìwádìí tí Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe níbẹ̀ láàrin 1960 àti 1980 fi hàn pé nínú 1000 ìbímọ, ó ju 40 lọ tí ó jẹ́ ti ìbejì, nígbà tí iye ti àgbáyé lápapọ̀ kò ju bí 12 lọ. Ibi tí ìbejì bá pọ̀ tó báyìí, tí ikú ọmọdé sì ń jà láyé àtijọ́, ère ìbejì kò lè ṣàì pọ̀ níbẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ẹni tí ń ta ère bá dárúkọ ìlú yìí fún oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ẹni tí ó fẹ́ rà ni ti ọ̀rọ̀. Ẹnu kò gbófo láti pe ohunkóhun tí kò bá ti pẹ́ ní ayédèrú, bẹ́ẹ̀ ni èyí kò tọ̀nà. Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún tí ó ṣaláìsí ní 2009, gbẹ́ ère fún ààfin, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti fún yunifásítì. Tuntun ni wọ́n nígbà tí ó gbẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní ayédèrú. Ère tí a gbẹ́ fún àlejò tí ó fẹ́ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kì í ṣe ayédèrú pẹ̀lú, bí ẹni tí ó tà á bá sọ bí ó ti rí. Ère ọjà ni kí á máa pè é. Ìgbà tí a bá dá ọgbọ́n sí i lára kí ó lè dà bí ohun tí ìyá ìbejì ti tọ́jú fún ọgbọ̀n ọdún ni ayédèrú tó dé. Ọwọ́ tí ó dá ẹ̀tàn sílẹ̀ ni ó sọ nǹkan di ayédèrú. Ọjọ́ orí kọ́.

Kí ni ó wá sọ ère di ògidì? Ìlò ni. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo a ní kí àwọn òbí lọ gbẹ́ ère. Bí ère náà bá ti délé, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fi osùn pa á lára, a máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, a máa fi aṣọ bò ó, nígbà mìíràn a sì pọ̀n ọ́n. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ ń kan ibi kan náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, ilà àbàjà tí agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ fà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á di fẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn etí, abíyá àti àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, níbi tí ìka kò ráyè dé, á ṣì mú bí ìgbà tí a gbẹ́ ẹ, osùn á sì dì síbẹ̀ ní ìpele lórí ìpele. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ń gbò lọ́rùn àti ní ìbàdí á ní ojú tirẹ̀. Gbogbo àmì wọ̀nyí lápapọ̀ ni a lè pè ní *ojú-ìlò*, ìyẹn ojú tí ìlò fún nǹkan, yàtọ̀ sí ojú tí oníṣẹ́ fún un.

Ojú-ìlò gan-an ni ẹlẹ́tàn máa ń fẹ́ dá. Á fi iyanrìn tàbí bébà líle ha gbogbo ara ère náà, á gbé e kọ́ sórí ààrò kí èéfín mú un, á fi ìpara bàtà kùn ún, tàbí kí ó rì í mọ́ inú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ń ṣe é dọ́gba. Ara ère rẹ̀ á jẹ níbi gbogbo bákan náà, títí dé ẹ̀yìn etí tí kò sí ìyá tí ń nu ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Osùn rẹ̀ á wà lókè, kò ní wọ inú. Bí igi bá sán, kí olùrà wo inú ibi tí ó sán: bí ó bá funfun, tí kò sí eruku tàbí osùn níbẹ̀, àná ni ó sán. Ihò kòkòrò ajẹgi kì í lọ tààrà. Èyí tí a fi ìṣó gbígbóná lu ni ó máa ń tọ́. Imú pàápàá wúlò níhìn-ín, nítorí òórùn ìpara bàtà kì í tètè lọ.

Àwọn agbẹ́gilére kan a máa kan ìṣó sí ẹyinjú ère. Irin àtijọ́ máa ń ní ìpẹtà dúdú tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ìpẹtà tí a fi iyọ̀ tàbí omi kíkan pè jáde máa ń pupa, tí ó sì ń kù bí ìyẹ̀fun. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ará Japan ń gbà yẹ tsuba wò, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ń bẹ láàrin èèkù idà àti ojú rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹgbẹ́ kan wà láti 1948 tí ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, tí ó sì ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Olùrà ère ìbejì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀ ni ó ní.

Àwọn kan gbà pé ilé-ìṣàyẹ̀wò ìjìnlẹ̀ á parí ọ̀rọ̀. Igi ń gba kábọ́nì 14 láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tí ó wà láàyè. Bí ó bá kú, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ á máa dín kù, ìdajì rẹ̀ á sì tán lẹ́yìn nǹkan bí 5,730 ọdún. Òǹkà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dájú fún igi tí a gé láti nǹkan bí 1650 títí dé 1950, inú àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ère ìbejì sì bọ́ sí. Ohun tí ó lè fi hàn kedere ni igi tí ó hù lẹ́yìn àwọn àdó olóró átọ́míìkì tí wọ́n dán wò láàrin 1950 àti 1963, nítorí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kábọ́nì 14 inú afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí irú rẹ̀ bá wà lára ère tí a ní ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, irọ́ ni. Síbẹ̀, ikú igi ni ẹ̀rọ náà ń kà, kì í ka ọjọ́ tí a gbẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ère lónìí láti ara òpó ilé àtijọ́ tí ó wó á tan ẹ̀rọ jẹ. Kò lè fi bẹ́ẹ̀ tan ẹni tí ó mọ ojú-ìlò.

Ìlò tún mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà kò rò. Ní 1973, Marilyn Houlberg kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìyá kan ti ń fi ọmọlańgidi oníke tí wọ́n rà lọ́jà rọ́pò ère onígi. Èyí tí ìyá wẹ̀, tí ó bọ́, tí ó sì tọ́jú nínú wọn, ògidì ère ìbejì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni ó ti jáde. Olówò ère kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú mọ ìlò. Òfin 77 ti 1979, tí ó dá Àjọ Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918 sí ohun àtijọ́. Ó tún ka iṣẹ́ tí ó níye lórí nínú ìtàn, ọnà tàbí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, tí a sì ti lò fún ètò ìbílẹ̀ rí, kún un, ọjọ́ tí ó wù kí a ṣe é. Kò sí ẹni tí ó láṣẹ láti rà á tàbí tà á àfi àjọ náà àti aṣojú rẹ̀ tí ó ní ìwé, kò sì gbọdọ̀ kọjá ẹnu-bodè láìsí ìwé àṣẹ. Àmì kan náà tí ó ń gbé owó ère ga, ìyẹn imú tí ó ti tẹ́ àti osùn tí ó dì, ni ó ń mú un bọ́ sábẹ́ òfin. Bí àyẹ̀wò bá ṣe ń sọ ọ́ di ògidì sí i ni ìbéèrè ń le sí i: ta ni ó ni ín?

Ohun tí ó ń dáhùn ìbéèrè yìí ni a lè pè ní *ìtàn-ọwọ́*: orúkọ àwọn tí ère ti ọwọ́ wọn kọjá, láti ilé ìyá ìbejì títí dé iwájú olùrà, àti bí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdílé kan tà á fúnra wọn nígbà tí wọ́n gba ẹ̀sìn tuntun. Àwọn mìíràn jí, wọ́n sì bá pẹpẹ lófo. Ojú-ìlò ère méjèèjì lè rí bákan náà. Bí olówò bá ní ìyá àgbà kan ní Èrúwà ni ó tà á, kí olùrà béèrè orúkọ agboolé, kí ó sì bá wọn dé ibẹ̀ kí ó tó ná owó.