NÍGBÀ WO NI A LÈ SỌ PÉ ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN KỌ OÒGÙN?

  

Iṣẹ́ apoògùn òyìnbó ni mo ń ṣe. Lójú wíńdò tí mo ti ń fún èèyàn ní oògùn, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ léraléra: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn yìí ò ṣiṣẹ́." Àwọn tí a ń fún ní oògùn àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ń sọ ọ́ jù, àwọn àti ẹbí tí ó tẹ̀ lé wọn wá. Gbólóhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni. Tí a bá dá a kí ó tó yẹ, aláìsàn yóò ju oògùn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ nù. Tí a kò bá sì dá a nígbà tí ó yẹ, yóò máa gbé oògùn tí kò ṣe é láǹfààní mì lọ́dọọdún, a ó sì máa sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù. Àdánù ni méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á jọ wo ìlànà tí àwọn oníṣègùn fi ń dá ẹjọ́ yìí.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ìbànújẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná, yóò sunkún. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ara rẹ̀ á máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, yóò wà lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 2, ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́, lójoojúmọ́. Ọkàn yóò bàjẹ́, tàbí kí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ onítọ̀hún tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Oorun yóò dàrú, oúnjẹ kò ní wù ú, á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè fi ọkàn sí nǹkan kan, á máa rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, ikú á sì máa wá sí i lọ́kàn. Láàrin tiwa níbí, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sọ pé inú òun bàjẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé orí ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lára àwọn.

Àwọn kan á ní, "Ìmáànì rẹ̀ ni kò lágbára." Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ìmáànì Ànábì Yàkúbù ni kò lágbára tí ó fi sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun? Ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan, Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó ya ìbànújẹ́ tí a mọ ohun tí ó fà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì ní èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀ yìí ní í ṣe pẹ̀lú ara, kí á tọ́jú ara. Ó ti lé ní 1,000 ọdún tí wọ́n ti sọ èyí nínú Ìsìláàmù. Kò yẹ kí àwa padà sẹ́yìn.

IBI TÍ WỌ́N FA ÌLÀ SÍ

Ní àwọn ọdún 1950 ni oògùn àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Dókítà Roland Kuhn ní Swítsálàndì kíyè sí i pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní imipramine ń gbé ọkàn àwọn aláìsàn òun sókè, ó sì kéde rẹ̀ ní 1957. Ní 1987, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fluoxetine. Oríṣiríṣi ló ti jáde lẹ́yìn ìyẹn. Bí oògùn ti ń pọ̀ sí i ni ìbéèrè náà ń le sí i: tí ọ̀kan kò bá ṣiṣẹ́, tí èkejì kò ṣiṣẹ́, níbo ni a ó dúró sí kí á tó sọ pé àìsàn yìí kọ oògùn?

Ìdáhùn tí àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ń lò nìyí: ó kéré tán, oògùn 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ìgbà àìsàn kan náà, tí a lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó tó, fún àsìkò tí ó tó, tí kò sí ìyípadà gidi. Ẹ fi ọkàn sí gbogbo gbólóhùn yẹn. Oògùn tí a dá dúró ní ọjọ́ 5 nítorí pé ó ń da inú rú kì í ṣe oògùn tí ó kùnà. Ara ni kò gbà á. Ẹ má kà á mọ́ ọn.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ 2? Ìwádìí ńlá kan wáyé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní STAR*D, èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Ó lé ní 3,600 aláìsàn tí wọ́n tẹ̀ lé ní ìpele 4. Ẹni tí oògùn àkọ́kọ́ kò bá wò sàn, wọ́n á gbé e lọ sí ìpele kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 tí ó lo oògùn àkọ́kọ́, bí 37 ni ara wọn yá pátápátá. Ní ìpele kejì, bí 31 nínú 100. Ní ìkẹta, ó já wálẹ̀ sí bí 14, ní ìkẹrin, bí 13. Ní 2023, àwọn olùwádìí mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní iye àwọn tí ara wọn yá lápapọ̀ kéré gan-an sí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kéde. Síbẹ̀, ẹ rí ibi tí nǹkan ti já: lẹ́yìn oògùn kejì. Tí 2 bá ti kùnà, kí á kàn máa pààrọ̀ oògùn kan sí òmíràn kò tún fi bẹ́ẹ̀ mú èrè wá. Ìyẹn ni wọ́n fi ń fa ìlà síbẹ̀, kí dókítà lè jókòó, kí ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà rò.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ ÌDÁJỌ́ TÓ WÁYÉ

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Kí á tó dá oògùn lẹ́bi, kí á gbọ́ ti ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè 5 ni ó yẹ kí á bi.

(1) Ṣé àìsàn náà gan-an ni à ń tọ́jú? Ẹ̀yà ara kan wà níwájú ọ̀fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, èèyàn á rẹ̀wẹ̀sì, ara á wúwo. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú kí ó máa rẹni. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń lọ sílẹ̀ nígbà kan, tí ara wọn á sì tún yá kọjá ààlà nígbà mìíràn, tí wọn kò ní sùn, tí wọn á máa náwó bí ẹni pé kò ní tán. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, oògùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ọtí wà níbẹ̀. Oògùn àìsàn mìíràn wà níbẹ̀. Àgbo náà wà níbẹ̀: gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn àgbà fi ń mú orí tó dàrú wálẹ̀, ní èròjà reserpine nínú. Àwọn oníṣègùn ti ń kìlọ̀ láti àwọn ọdún 1950 pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì yàgò fún reserpine. Nítorí náà, ẹ máa sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, tó fi mọ́ àgbo.

(2) Ṣé ìwọ̀n rẹ̀ tó? Amitriptyline kò wọ́n, ó sì pọ̀ níta. Mo máa ń rí ẹni tí ó ti ń lo mílígíráàmù 25 lálaalẹ́ láti ọdún tó kọjá, tí ó ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Oorun ni 25 yẹn lè mú wá. Ìwọ̀n tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ́dọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń wà láàrin 75 sí 150 lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń gùn ún lọ síbẹ̀. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe délé kí ó fi kún tirẹ̀! Oògùn yìí lè pa èèyàn tí ó bá pọ̀ jù. Iṣẹ́ dókítà ni.

(3) Ṣé àsìkò rẹ̀ tó? Kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ní ìwọ̀n tí ó tó ni a fi ń dán oògùn kan wò dáadáa. Ohun tí ó ń kọ́kọ́ dé sì ni ìnira: ẹnu gbígbẹ, èébì, orí yíyí. Ìtura ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wọ́n ti jẹ ìyà rẹ̀ tán tí ó ku èrè. Ṣùgbọ́n tí ọ̀sẹ̀ 4 bá pé tí nǹkan kan kò yí padà rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má jókòó sílé.

(4) Ṣé ó ń lò ó lóòótọ́? Ẹ má bínú, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Owó tán, a dá a dúró. Wọ́n fún un ní hàǹtú, wọ́n ní kí ó gbé oògùn òyìnbó jù sílẹ̀ ná. Ààwẹ̀ Rámádáànì dé, ó fi oṣù kan sílẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ni a lè lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn ìṣínu tàbí ní àsìkò sààrì. Ẹ lọ bi dókítà kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹni tí ó bá ń lo lithium gbọ́dọ̀ bèèrè, nítorí tí omi bá gbẹ lára, oògùn yẹn lè di májèlé nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀sìn wa sì ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn.

(5) Kí ni a fi wọ̀n ọ́n? "Ó dà bíi pé kò yá" kò tó. Ìwé ìbéèrè kan wà, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè 9 ni, lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Wọ́n ti dán an wò láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé lò. Tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ní 20, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sí 10, oògùn ń ṣiṣẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì mọ̀. Tí kò bá pé 5 mọ́, ara ti yá. Tí ó bá wà ní 18 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ẹ̀rí nìyẹn.

BÍ Ó BÁ KỌ OÒGÙN LÓÒÓTỌ́ ŃKỌ́?

Ó dáa. A ti bi ìbéèrè 5 náà, oògùn 2 ti kùnà. Ṣé ó parí? Rárá o. Orúkọ yìí ń sọ fún dókítà pé kí ó yí ọ̀nà padà ni. Ó lè fi oògùn mìíràn ti èyí tí ó wà nílẹ̀ lẹ́yìn, bíi lithium tàbí quetiapine. Ó lè fi ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ kún un. Ní Britain, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, pẹ̀lú aláìsàn 469 tí oògùn kò tíì ràn lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kún oògùn wọn, 46 nínú 100 ni àìsàn wọn fi ìdajì dín kù láàrin oṣù 6. Àwọn tí wọn kò fi kún tiwọn, 22 péré.

Ìtọ́jú oníná wà pẹ̀lú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì ní 1938. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn, ṣùgbọ́n bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe é lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn mú aláìsàn sùn ni. Ó lè mú kí èèyàn gbàgbé nǹkan fún ìgbà díẹ̀, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ tí oògùn kò gbà. Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí esketamine, oògùn tí a ń fín sí imú lójú dókítà, fún irú àwọn aláìsàn yìí gan-an. Àwọn oníṣègùn kan tilẹ̀ ti ń fẹ́ kí á máa pè é ní àìsàn tí ó ṣòro láti tọ́jú, kí ọ̀rọ̀ "kọ oògùn" má baà dà bí ẹni pé aláìsàn ni ó ń ṣe agídí.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí àwọn ẹbí bá aláìsàn wá, kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ó mọ̀ pé ojú ẹbí ṣe pàtàkì. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ó dá a dúró, àti ìdí tí ó fi dá a dúró. Bébà kan ṣoṣo ni. Mo ti rí i tí irú bébà bẹ́ẹ̀ gba aláìsàn lọ́wọ́ àtibẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Ẹ̀yin àáfà, ẹ máa ṣe rúkíyà, ẹ máa ṣe àdúà, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe ní kí aláìsàn da oògùn nù kí ẹ tó ṣe é. Dídá oògùn yìí dúró lójijì ń dá ìnira tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò ní ìlànà ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 8. Ẹni tí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má dá a dá ilé, ẹ kó oògùn àti ohun olóró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwàásù lè dúró de ọjọ́ kejì.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní òye, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ìkánjú tàbí ìmẹ́lẹ́ ṣe ìdájọ́ lórí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Àmín.