Kí Ni A Ó Fi Wọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́-Ọwọ́?

Nígbà tí àgbẹ̀ kan ní Ìmẹ̀rí bá kó owó kòkó rẹ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ láti fi san owó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀, ọjà ni ó rà. Ẹni tí ó ra aṣọ a máa fọwọ́ bà á wò kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá náà yóò fọwọ́ bà?

Kì í ṣe pé ìjọba kò wọ̀n wọ́n rárá. Ní ọdún 1977 ni a dá NBTE sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń ṣe àyẹ̀wò olùkọ́, irin-iṣẹ́ àti yàrá ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí Politẹ́kíníìkì Ọ̀wọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, tí ó ń jẹ́ Rufus Giwa nísinsìnyí. Ní ọdún 1992 ni a dá NABTEB, tí ó ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, sílẹ̀. Ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n iye irin-iṣẹ́ kò lè sọ fún wa ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò.

Àwọn baba wa mọ ìwọ̀n tí ó tọ́. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí Higher College ní Yábàá ní 1934, àwọn ọ̀dọ́ Èkó kò fi ògiri rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wọ́n bèèrè ipò tí ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ yóò wà. Nígbà tí wọ́n rí i pé olùrànlọ́wọ́ lábẹ́ òyìnbó lásán ni, wọ́n dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Bákan náà ni ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà: iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a pa á láàròyé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan gba ọmọ 100. 60 gba ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọdún 2, àwọn 15 péré ni ó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Òmíràn gba 40. 30 gba ìwé-ẹ̀rí. 24 sì ń fi í jẹun. Èwo ni ó ṣiṣẹ́ jù? Síbẹ̀, kí a má yára dájọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ṣa àwọn ọmọ tí ó gbọ́n nìkan yóò dára lójú ju èyí tí ó gba tọmọdé tòpè; nítorí náà, kí a kọ ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tí ó wọlé sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nira. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa wádìí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2 tí wọ́n jáde, kí ó sì lẹ iye náà mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí òbí lè kà á kí ó tó tú àpò rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìmẹ̀rí kì í fi ewé wọn iṣu. Inú ebè ni ó ń wò.