Ta Ni Ọmọ Yín Ń Bá Ṣe Géèmù Lórí Fóònù?

 

Ní Ọjà Igbó níbí, bí òbí bá rí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò béèrè pé: "Ta nìyí? Ilé ta ló ti wá? Kí ló ń bá ọmọ mi sọ?" Ọmọ kan náà lè wà lórí àga ní pálọ̀, kí ó máa bá àlejò mẹ́wàá sọ̀rọ̀ nínú géèmù orí fóònù, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má béèrè nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí nìyẹn, nítorí ìlera ọmọ kò mọ sí ibà àti ikọ́ nìkan.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bí ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù láìtan dátà, òun àti fóònù nìkan ni. Èyí tí à ń sọ ni géèmù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Roblox, Free Fire, Fortnite, PUBG Mobile, Call of Duty: Mobile àti irú wọn. Bí ọmọ bá ti tan dátà, ó ti wọ àárín èrò láti oríṣiríṣi ìlú àti orílẹ̀-èdè. Wọ́n á jọ kọ́lé, wọ́n á jọ jagun, wọ́n sì lè máa kọ̀wé síra wọn tàbí kí wọ́n fi ohùn bára wọn sọ̀rọ̀. Eré yìí ní àǹfààní tirẹ̀: ọmọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní London ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11 lè jẹ́ ẹni ogójì ọdún, nítorí orúkọ àti àwòrán tó wù ú ló fi síbẹ̀.

Géèmù rò pé ìyá ọmọ ni

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò fura sí. Àwọn tó ṣe géèmù wọ̀nyí ti fi ààbò sí i fún ọmọdé. Fún àpẹẹrẹ, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Roblox kéde pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò ní lè fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lẹ́yìn òde eré mọ́, àfi bí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí a kọ nígbà tí a ṣí àkáǹtì ni irú ààbò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, fóònù ìyá ni ọmọ ń lò. Àkáǹtì Google ìyá ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ ìbí ìyá ni ọmọ sì tẹ̀ kí géèmù lè tètè ṣí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ẹni ọdún 38 ni géèmù rí. Gbogbo ààbò tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ti fò ó kọjá.

Bí a bá tilẹ̀ kọ ọjọ́ orí tòótọ́, ẹ má ṣe fọkàn tán ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù pátápátá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kéde pé Epic Games tó ni Fortnite yóò san mílíọ̀nù 275 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọdé. Lára ẹ̀sùn wọn ni pé ìtàkùrọ̀sọ ohùn àti ti ìkọ̀wé wà ní títàn fúnra rẹ̀, èyí tó so àwọn ọmọdé pọ̀ mọ́ àjèjì, tí wọ́n fi bú wọn, tí wọ́n sì fi dẹ́rù bà wọ́n. Àṣẹ tó jáde ni pé kí ìtàkùrọ̀sọ náà máa wà ní pípa fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí àjèjì ṣe ń wọlé sí ọmọ lára

Ẹni búburú kì í fi ìbínú bẹ̀rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ yin ọmọ pé ó mọ eré ṣe. Yóò fún un ní ẹ̀bùn inú géèmù: aṣọ, ìbọn tàbí dáyámọ́ǹdì. Yóò ní kí wọ́n kúrò nínú géèmù bọ́ sórí WhatsApp. Yóò wá béèrè àwòrán, orúkọ ilé ìwé, àdúgbò. Yóò sì sọ pé, "Má sọ fún mọ́mì ẹ o." Gbólóhùn yìí ni kí ẹ kọ́ ọmọ láti dá mọ̀. Ẹni tó bá ní kí ọmọdé fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òbí rẹ̀, kò fẹ́ ire fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni èyí wà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn ọmọkùnrin kan láti Èkó ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọmọ náà ti pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé méjì nínú wọn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lọ sí Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sì rán ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Kì í ṣe inú géèmù ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan náà ni. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa: kí a ṣọ́ ọmọ wa lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe é níbi, kí a sì tọ́ ọ kí òun náà má baà di ẹni tí ń ṣe ọmọ ẹlòmíràn níbi.

Owó àti oorun

Nínú àwọn géèmù kan, ọmọ máa ń san owó ra àpótí tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó lè bá nǹkan iyebíye, ó sì lè bá pàǹtírí. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan tẹ́tẹ́ ni. Àwa Mùsùlùmí mọ ohun tí Àlùkùránì sọ nípa tẹ́tẹ́ nínú Súrà Máídà, àyà 90. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi àwàdà kọ́ ọ.

Ní ilé oògùn, òbí máa ń wá bá wa pé ojú ń ta ọmọ, orí ń fọ́ ọ, kì í sùn lóru. Àwọn kan á ní kí a fún àwọn ní Piriton kí ọmọ lè sùn, àwọn mìíràn á béèrè oògùn ojú. Ìbéèrè tiwa ni pé: aago mélòó ló gbé fóònù sílẹ̀? A kì í fún ọmọ ní Piriton torí kó kàn lè sùn. Oògùn ojú tó ní dexamethasone nínú, bí a bá ń kán an láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́, lè ba ojú jẹ́. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ẹni ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Ọmọ tó ń ṣe géèmù di òru yóò sùn gbàgbé ìrun Subhi, yóò sì tún máa tòògbé ní kíláàsì.

Ohun tí kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Èkíní, ẹ jókòó ti ọmọ, kí ó fi géèmù náà hàn yín. Ẹ wo nọ́ńbà ọjọ́ orí tó wà lára rẹ̀ ní Play Store: 3+, 7+, 12+, 16+ tàbí 18+. Bí ọmọ kò bá tíì tó o, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Èkejì, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun fún un pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Bí ó bá ní fóònù tirẹ̀, Family Link ti Google, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò jẹ́ kí ẹ yan áàpù tó lè gbà, kí ẹ sì fi aago sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọ Settings inú géèmù, kí ẹ pa chat àti ohùn, tàbí kí ẹ fi mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ mọ̀ lójúkojú: ọmọ ilé kéú, ọmọ kíláàsì, mọ̀lẹ́bí.

Ẹ̀kẹrin, pálọ̀ ni kí ó ti máa ṣe é, láìsí íápíìsì létí. Lẹ́yìn ìrun Ishai, kí fóònù sùn ní yàrá òbí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ kí Play Store máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó ta ohunkóhun. Kí ọmọ má ṣe mọ PIN owó yín.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ọmọ bá wá sọ pé ẹnì kan béèrè àwòrán tàbí pé ó ń halẹ̀ mọ́ òun, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì gba fóònù pẹ̀lú ariwo. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹgba ló ń dúró de òun yóò pa ẹnu mọ́, ìpanumọ́ yẹn gan-an ni ẹni búburú ń fẹ́. Ẹ sọ fún un kí ó tó ṣẹlẹ̀ rárá pé: "Ohun yòówù kí o ti ṣe, bí o bá sọ fún wa, a ò ní nà ẹ́." Kí ẹ sì mú ìlérí náà ṣẹ.

Ẹ má san owó kankan, nítorí bí ẹ bá san án, yóò tún béèrè òmíràn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tó kọ rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù pẹ̀lú orúkọ tó ń lò. Ẹ wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nínú géèmù, kí ẹ dí i lọ́nà, kí ẹ sì lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí NAPTIP. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fa ọmọdé lójú mọ́ra lórí ẹ̀rọ fún ìṣekúṣe.

Àwọn ọmọ wa mọ fóònù jù wá lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Àmánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ wọn nílé, lóde àti lórí fóònù. Àmín.